Aago Tí A Kò Ṣí Wò

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí kò tíì pẹ́ tí ọwọ́ mi gùn tó láti kan etí, ọ̀rọ̀ Òyìnbó kan wọ ilé wa ní Òṣogbo, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ba ayé ẹnì kan jẹ́. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè má mọ ohun tí mò ń sọ nípa ọwọ́ àti etí. Láyé ìgbà náà, ọ̀pọ̀ òbí kò ní ìwé ọjọ́ ìbí ọmọ lọ́wọ́. Bí wọ́n bá mú ọmọ dé iwájú ọ̀gá ilé ìwé, á ní kó gbé ọwọ́ ọ̀tún gba àárín orí, kó fi kan etí òsì. Bí ọwọ́ bá dé etí, ọmọ ti tó ilé ìwé lọ nìyẹn. Bí kò bá dé, wọ́n á ní kó padà sílé lọ máa jẹ iyán sí i. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n dá èmi padà. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó fi ọdún mẹ́rin jù mí lọ, ọjọ́ àkọ́kọ́ ni ọwọ́ tirẹ̀ dé e, nítorí apá rẹ̀ gùn. Òun ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé.

Ẹ̀gbọ́n mi yìí ní làákàyè. Kì í ṣe pé mo ń pọ́n ọn nítorí pé a jọ mu ọmú kan náà. Bí wọ́n bá pa ìtàn fún un lẹ́ẹ̀kan, á tún un sọ láìfo ibì kan. Ṣùgbọ́n ní ilé ìwé, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò yé ẹnikẹ́ni. Oṣù kan á ṣe ipò kìíní, tíṣà á ní kí gbogbo kíláàsì pàtẹ́wọ́ fún un. Oṣù tó tẹ̀lé e, á já wálẹ̀ sáàárín àwọn tí wọ́n ń nà. Ìṣirò àfẹnusọ àti dikitéṣọ̀n ló ń gbé e ṣubú jù. Lónìí á gba gbogbo rẹ̀, nígbà míràn á kọ ohun tí kò jọ ohun tí tíṣà pè rárá. Tíṣà nà án títí, ó sú u. Nílé náà, ìyá mi á pè é nígbà mẹ́ta, kò ní dáhùn. Wọ́n á ní agídí ló ń ṣe é, wọ́n á sì fún un ní ìgbátí.

Ní ìparí ọdún tó wà ní kíláàsì karùn-ún, káàdì ilé ìwé dé. Èmi ni mo dì í mú lọ́nà ilé, nítorí mo fẹ́ràn láti máa ka ohunkóhun tí mo bá rí, bí kò tilẹ̀ yé mi. Gbólóhùn kan péré ni tíṣà kọ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan tí n kò rí rí ló sì gbẹ̀yìn gbólóhùn náà: erratic. Ìyá mi kò mọ ìwé kà. Bàbá mi gbà á, ó kà á, ó tún un kà. Àwa rò pé yóò pariwo. Bó bá jẹ́ pé tíṣà kọ pé ọ̀lẹ ni ẹ̀gbọ́n mi, bàbá mi ìbá nà án, ọ̀rọ̀ ì bá sì tán síbẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ó kọ pé orí rẹ̀ kò gba ìwé, bàbá mi ìbá wá ẹni tí yóò máa kọ́ ọ nílé. Ọ̀rọ̀ tí tíṣà kọ yìí yàtọ̀ sí méjèèjì.

Iṣẹ́ rélùweè ni bàbá mi ń ṣe. Òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń tọ́jú aago ibùdókọ̀, àti àwọn apá irin gígùn tó ń dìde tó ń wálẹ̀ lẹ́bàá ojú irin, tó ń sọ fún awakọ̀ bóyá kó máa bọ̀ tàbí kó dúró. Wọ́n ní ìwé ńlá kan tí wọ́n ń kọ àléébù irinṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sí. Inú ìwé yẹn ni bàbá mi ti mọ erratic, ó sì mọ̀ ọ́n dáadáa. Ẹ má rò pé ó ṣì í túmọ̀ o. Ó pe ìyá mi jókòó, ó sì là á yé e bí ẹni ń la Bíbélì yéni. Ó ní aago tó bá ń fi ìṣẹ́jú márùn-ún falẹ̀ lójoojúmọ́ kò burú. Èèyàn mọ ìwà rẹ̀, á fi márùn-ún kún un, iṣẹ́ á máa lọ. Èyí tó kú pátápátá pàápàá kò lè pa ẹnikẹ́ni, nítorí gbogbo ayé ló rí i pé ó kú. Ṣùgbọ́n aago tó ń sáré lónìí, tó ń falẹ̀ lọ́la, tó wá pé géérégé lọ́túnla, òun gan-an ni ọ̀rọ̀ náà ń bá wí. Ségesège ni ìṣe rẹ̀, kò sẹ́ni tó lè sọ èyí tó máa ṣe tẹ̀lé e, òun ló sì lè mú kí ọkọ̀ méjì pàdé lórí irin kan ṣoṣo. Ó ní bí wọ́n bá ti kọ ọ̀rọ̀ yẹn síwájú orúkọ irinṣẹ́ kan níbi iṣẹ́ àwọn, wọn kì í bá a ṣeré mọ́. Wọ́n á gbé e kúrò lára ògiri.

Bàbá mi sì gbé ẹ̀gbọ́n mi kúrò. Òun fúnra rẹ̀ ló lọ sọ fún ọ̀gá ilé ìwé pé ọmọ òun kò ní padà wá sí kíláàsì kẹfà. Ó ti bá obìnrin aránṣọ kan sọ̀rọ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi yóò ti máa kọ́ṣẹ́ bí ọdún bá ti yí. Ìyá mi bẹ̀ ẹ́. Ó rán àgbà ìjọ kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa sí i, ìyẹn náà bẹ̀ ẹ́. Bàbá mi ní òun kò bínú sí ọmọ náà rárá, òun kàn kò fẹ́ kó fi ìgbà èwe rẹ̀ ṣòfò lórí ohun tí kò ṣeé gbọ́kàn lé ni. Bàbá mi kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó fẹ́ràn wa, ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà le nìyẹn, nítorí bí ẹni tó fẹ́ràn ẹni bá ti pinnu, ta ni a ó fẹjọ́ rẹ̀ sùn? Láti kékeré ni ẹ̀gbọ́n mi ti ń sọ pé nọ́ọ̀sì lòun máa ṣe. Ó di àwọn ìwé rẹ̀ sínú gèlè àtijọ́ kan, ó kó pẹ́ńsù rẹ̀ fún mi. Inú mi dùn sí pẹ́ńsù náà ju bí mo ṣe káàánú rẹ̀ lọ. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ èyí.

Nígbà ìsinmi Kérésìmesì, wọ́n rán àwa méjèèjì lọ sí Iperindo, lọ́dọ̀ ìyá tó bí ìyá mi. Obìnrin kúkurú ni, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ó ń pe ilé ní ulé, ó ń pe igbá ní ugbá, àwa ọmọ Òṣogbo á sì máa rẹ́rìn-ín lẹ́yìn rẹ̀. Bàbá mi máa ń fi ìyá mi ṣe yẹ̀yẹ́ pé Ìjẹ̀ṣà ò rídìí ìṣáná, ilé lọmọ Ọwá ti í múná roko. Ìgbà tí mo dé Iperindo ni mo rí i pé kì í ṣe yẹ̀yẹ́ lásán, nítorí ẹyin iná inú àpáàdì ni ìyá àgbà ń gbé lọ sóko kòkó rẹ̀ láràárọ̀. Nígbà ẹ̀rùn, bí omi odò bá ti fà, òun àti àwọn obìnrin yòókù á máa wá wúrà. Wọ́n á bu iyanrìn odò sínú igbá, wọ́n á máa fi omi yí i, wọ́n á máa da èyí tó fúyẹ́ nù díẹ̀díẹ̀, títí wúrà tó kéré bí ẹ̀rún gààrí á fi kù nísàlẹ̀ igbá.

Wúrà yìí náà kì í dúró sójú kan. Ibi tí wọ́n ti rí i lánàá, bí wọ́n bá padà débẹ̀ lónìí, iyanrìn lásán ni. Àwọn ọ̀dọ́ inú wọn á máa bínú, wọ́n á ní odò ń tan àwọn jẹ. Ìyá àgbà kì í bá wọn dá sí i. Níbi tó bá dúró sí tó fi rí wúrà, yóò fi igi kan gún ilẹ̀. Níbi tó bá dúró sí tí kò rí nǹkan, yóò gún igi míràn. Lẹ́yìn náà yóò wo bí omi ṣe yà, yóò wo òkúta, kó tó tún gbìyànjú. Ó sọ fún wa pé odò kì í tanni jẹ, àwa èèyàn la kì í rántí ibi tí a dúró sí.

Ọjọ́ kẹta tí a débẹ̀, ó pe ẹ̀gbọ́n mi láti òkè odò, ẹ̀gbọ́n mi kò dáhùn. Mo ti ń retí ariwo agídí àti ìgbátí. Ìyá àgbà kàn wò ó ni. Nígbà tó yá, ó kọjá sí òdìkejì odò, ó ń dá sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé iyọ̀ ti tán nílé, ni ẹ̀gbọ́n mi bá dáhùn láìgbójú sókè pé ó ku díẹ̀ nínú agolo. Ìyá àgbà dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Mo rí i tó mú igi, tó gún un mọ́lẹ̀ níbi tí òun fúnra rẹ̀ dúró sí. Ọjọ́ méjì ló fi ṣe bẹ́ẹ̀, tó ń pè é láti ìhín, tó ń pè é láti ọ̀hún, tí kò sì sọ ohun tó ń wá fún ẹnikẹ́ni.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ó jókòó sẹ́yìn ẹ̀gbọ́n mi lójúde, ó ń fi òkúta pa ẹ̀kùrọ́. Ó pa ọ̀kan súnmọ́ apá òsì rẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi kò mira. Ó pa òmíràn lápá ọ̀tún, ẹ̀gbọ́n mi bojú wẹ̀yìn. Ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta. Ó wá fà á mọ́ra, ó di etí òsì rẹ̀ mú.

Ó ní, "Ọmọ mi, etí yìí, kí ló ń gbọ́?"

Ẹ̀gbọ́n mi wò ó bí ẹni tí wọ́n bi ní ìbéèrè tí kò nítumọ̀. Ó ní, "Kì í gbọ́ nǹkan kan, ìyá àgbà. Ṣé tiyín máa ń gbọ́ ni?"

Ẹ gbà mí gbọ́, ọmọ ọdún mọ́kànlá ni, ó sì ti gbà láti ìgbà tó ti gbọ́njú pé etí kan ṣoṣo ni gbogbo èèyàn fi ń gbọ́ràn, pé a kàn fi ìkejì dá wa kí orí má baà gbè sápá kan. Nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́, etí náà máa ń da ọyún. Ìyá mi ń kán òróró lílọ́wọ́ọ́wọ́ sí i, ó sì gbẹ, gbogbo ilé dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ìgbọ́ràn bá a lọ.

Bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe ń dáhùn ìbéèrè ìyá àgbà lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀rọ̀ ilé ìwé náà là kedere. Tíṣà rẹ̀ ní òfin kan. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọ̀ọ̀kan, àwọn tó jókòó lápá fèrèsé á bọ́ sí apá ilẹ̀kùn, àwọn ti ilẹ̀kùn á bọ́ sí fèrèsé, kí ó má baà sí ẹni tí yóò máa dá gba atẹ́gùn. Bí ẹ̀gbọ́n mi bá wà lápá fèrèsé, etí ọ̀tún rẹ̀ ló kọjú sí tíṣà, ó di ọlọ́gbọ́n. Bó bá bọ́ sí apá ilẹ̀kùn, etí òsì ló kọjú sí tíṣà, ó di olódo. Ẹni tó bá mọ àga tó wà lóṣù yẹn ì bá ti sọ ipò tí yóò ṣe kó tó ṣe é. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ, bẹ́ẹ̀ ni ìyá àgbà wí, ó sì wọlé lọ di ẹrù rẹ̀.

Èmi ńkọ́? Èmi tí a jọ ń sùn lórí ẹní kan náà? Láti kékeré, bí a bá jọ ń lọ sójà, ẹ̀gbọ́n mi á fà mí kúrò lápá òsì rẹ̀ sí apá ọ̀tún. Bó bá fi etí ọ̀tún lélẹ̀ sùn, fèrè ọkọ̀ ojú irin tó ń jí gbogbo àdúgbò kì í jí i. Mo rí gbogbo èyí. Mo mọ̀ ọ́n, n kò kàn mọ̀ pé ó jẹ́ nǹkan tí èèyàn ń sọ ni.

Lọ́jọ́ kejì, a wọ mọ́tò dé Iléṣà, a wọ òmíràn dé Òṣogbo. Bàbá mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ìyá ìyàwó rẹ̀. Ìyá àgbà mu omi, kò jẹun. Ó ro gbogbo ohun tó rí lódò, ó sì ní kí ẹ̀gbọ́n mi yí ẹ̀yìn padà kí bàbá mi fi ojú ara rẹ̀ dán an wò. Bàbá mi pàtẹ́wọ́ lápá òsì, ó pàtẹ́wọ́ lápá ọ̀tún. Lẹ́yìn náà ó jókòó. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ó ní bí àwọn ṣe ń gbé aago tó ń ṣe ségesège kúrò lára ògiri, bẹ́ẹ̀ náà lòun ṣe, òun kò mọ̀ọ́mọ̀ fìyà jẹ ọmọ.

Ìyá àgbà ní, "Ọkọ ọmọ mi, bí ẹ bá ti gbé aago yẹn kúrò lára ògiri, ṣé ẹ kì í ṣí i wò?"

Bàbá mi wo ẹ̀gbọ́n mi. Ó ní, "A máa ń ṣí i, ìyá. Òfin iṣẹ́ ni pé ká ṣí i wò." Omi bọ́ lójú rẹ̀, níwájú àwa ọmọ rẹ̀, n kò rí irú rẹ̀ rí. Ìyá mi ní tirẹ̀ wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ó ń bèèrè pé etí wo lòun máa ń gbá, ẹ jọ̀ọ́, etí wo lòun máa ń gbá.

Ilé ìwé ti fi ọmọ míràn sí àyè ẹ̀gbọ́n mi nínú kíláàsì kẹfà. Bàbá mi wọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó lọ bẹ̀bẹ̀ fún odindi òwúrọ̀. Ohun tí wọ́n lè ṣe fún un kò ju pé kó tún kíláàsì karùn-ún ṣe, kó sì máa jókòó lápá fèrèsé láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé ìparí. Ọdún kan ṣòfò. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó sáàárín àwọn ọmọ tó ti ń fi ṣe àbúrò tẹ́lẹ̀, wọ́n sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n kò tún kúrò ní ipò kìíní mọ́. Ó ṣe nọ́ọ̀sì, ó ṣe é títí ó fi fẹ̀yìn tì ní Iléṣà. Bàbá mi kò tọrọ àforíjì lẹ́nu, bàbá ìgbà náà kì í tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ. Ohun tó ń ṣe ni pé kó tó bá a sọ̀rọ̀, yóò kọ́kọ́ yí lọ sí apá ọ̀tún rẹ̀. Bó tilẹ̀ jẹ́ ìdí oúnjẹ ni, yóò dìde, yóò yí lọ. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe títí ọjọ́ ikú rẹ̀.

Ohun kan wà tí kì í kúrò lọ́kàn mi. Etí òsì yẹn gan-an ni ẹ̀gbọ́n mi fi ọwọ́ kàn níwájú ọ̀gá ilé ìwé lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Gbogbo àgbà tó wà níbẹ̀ ló wo etí náà. Gígùn ọwọ́ ni wọ́n ń wò.

Lóde òní, ọ̀rọ̀ Òyìnbó yẹn ti di ti gbogbo èèyàn. Àwọn ọmọ ọmọ mi ń lò ó fún iná mànàmáná, fún òjò tí kì í mọ ìgbà rẹ̀ mọ́, fún nẹ́tíwọ́ọ̀kì inú fóònù wọn. N kò bá wọn jà, ó bá gbogbo ìyẹn mu. Káàdì ilé ìwé kò gba ọwọ́ ọmọ kọjá mọ́, inú fóònù òbí ló ń já sí. Ilé ìwé kò wọn ọwọ́ mọ́ etí mọ́, ilé ìwòsàn ti wà tí wọ́n ti ń yẹ etí wò. Ayé ti dára ju ti àtijọ́ lọ, ẹni tó bá ní kò dára kò jìyà ayé àtijọ́. Ṣùgbọ́n ìyá àgbà tí kò mọ A yàtọ̀ sí B ní ọjọ́ méjì tó lè fi gún igi mọ́lẹ̀ nítorí ọmọ kan ṣoṣo. Ta ló tún ní ọjọ́ méjì nínú wa?

Èmi náà kò ní i. Mo di tíṣà, mo sì búra fún ara mi nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ pé n kò ní kọ ọ̀rọ̀ yẹn sára káàdì ọmọ kankan. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí oòrùn mú ganrínganrín, ní ilé ìwé kan nítòsí Òkè-Fìà, ọmọ tó lé ní àádọ́ta ni káàdì wọn wà níwájú mi, ó ku mẹ́ta kí n parí. Ọmọbìnrin kan wà nínú wọn tó ń gba mẹ́wàá nínú mẹ́wàá lọ́sẹ̀ kan, tó ń gba oódo lọ́sẹ̀ kejì. Mo ti bá a wí, ó ti sú mi. Mo kọ erratic, ìkọ̀wé mi sì dára, mo mú káàdì tó kàn. Ìgbà tí mo délé, tí mo ń yọ bàtà lẹ́sẹ̀, ni mo tó rántí ìbúra mi. Ilé ìwé ti wọ ìsinmi. Nígbà tí a padà, ọmọ náà kò wọlé. Wọ́n ní àwọn òbí rẹ̀ ti kó lọ sí Ìdó-Ọ̀ṣun. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo lọ síbẹ̀ tí mo ń bèèrè, n kò rí wọn.

N kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni títí di ọdún tó kọjá, tí mo lọ kí ẹ̀gbọ́n mi ní Iléṣà. Àgbà ti dé sí òun náà, etí ọ̀tún ti ń kọṣẹ́. A jókòó lójúde, mo wà lápá ọ̀tún rẹ̀ bí mo ṣe máa ń wà, mo sì jẹ́wọ́ ohun tí mo ṣe. Mo rò pé yóò bínú, tàbí kó tù mí nínú. Ó yíjú sí mi.

Ó ní, "Ọmọ yẹn, apá ibo ló máa ń jókòó sí?"

Mo gbìyànjú láti rí i lójú ọkàn mi. Mo rántí aṣọ rẹ̀, mo rántí irun rẹ̀, mo rántí ìkọ̀wé ti èmi gan-an lára káàdì rẹ̀. N kò rántí ibi tó ń jókòó sí.